Kápúsù Tí Wọ́n Ń Tú Sójú Egbò

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí èmi ìyàwó ilé sọ ní Adúmáradán nítorí pé a kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Bí mo bá rántí rẹ̀, òórùn kápúsù ló máa ń wá sí mi nímú, òórùn kíkan bíi ti búrẹ́dì tó ti bu. Ọjà'ba ló ti ń ta oògùn. Ẹni tí eéwo mú, ẹni tí ọ̀kadà bó lẹ́sẹ̀, á ní kó ra kápúsù apakòkòrò, kó ṣí i, kó tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígboro Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Kò sí agbo ilé tí wọn kì í ti í ṣe é.

Iṣẹ́ tèmi ni ìwádìí lórí kòkòrò àrùn tí oògùn kò ràn mọ́, pàápàá lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, Adúmáradán kó ẹrù mi sínú òjò ní Bẹyẹrúnká, ó ní kòkòrò tí mo ń sìn níbi iṣẹ́ ni mo gbé wálé fún àbúrò òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọkọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ràn. Mo ṣàlàyé títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo kó lọ sí Òkè-Àdó, mo sì búra pé mi ò ní í tẹ ilé náà mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń pè mí sí yàrá àyẹ̀wò bí kòkòrò kan bá ya aláìgbọràn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ àti ọyún egbò ìyá arúgbó kan wá. Rọ́bà tí wọ́n tì bọ iṣan ọrùn rẹ̀ láti máa fi fọ ẹ̀jẹ̀ ti di egbò, ibà kò sì fi í sílẹ̀. Mo ka orúkọ tó wà lára ìgò, ti Adúmáradán ni, mo jókòó. Gbogbo oògùn apakòkòrò tí a dán wò, ńṣe ni kòkòrò náà ń hù lọ bíi koríko òjò. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kápá rẹ̀. Dókítà ní bí a kò bá mọ ohun tó ń fún kòkòrò náà lágbára, oògùn tó kù yẹn náà kò ní í ràn án mọ́, ìyá yóò sì kú. Ó bẹ̀ mí kí n lọ wo ilé ìyá náà. Ẹ má rò pé àánú ló gbé mi dé Bẹyẹrúnká. Mi ò fẹ́ kó kú sórí ẹ̀sùn tó fi kàn mí ni.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá a, ó ti rù kan eegun, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tú báńdéèjì ọrùn rẹ̀. Kí n tó jókòó, ọmọ náà ti ṣí kápúsù, ó ń wọ́n ọn yí ẹnu rọ́bà ká bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sẹ́ran. Ó ní ojoojúmọ́ ni, ìyá òun ló pàṣẹ, nọ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Mo ṣàlàyé pé ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ kì í pa kòkòrò tán. Èyí tó bá yè á mọ bí a ṣe ń bá oògùn jà, á sì gba ẹnu rọ́bà wọnú ẹ̀jẹ̀. Adúmáradán wò mí láti òkè délẹ̀.

“Láti ọjọ́ tí mo ti ń tà á, ta ló kú?”

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Adúmáradán.”

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n kó páálí kápúsù náà kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọsibítù, wọ́n yọ rọ́bà yẹn, wọ́n fi òmíràn sí apá kejì ọrùn rẹ̀, oògùn kan ṣoṣo tó kù sì ṣiṣẹ́. Ibà lọ. Ó ṣì ń fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó sì ń bú èèyàn bíi tẹ́lẹ̀.

Kò tíì bẹ̀ mí, èmi náà ò sì tíì gbàgbé. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ ìwádìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni ní Bẹẹrẹ tàbí Kúdẹtì kò kà á. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ẹni tó kórìíra mi ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí mo tún lọ wò ó, aládùúgbò kan gbé ọmọ eléèéwo wá, kápúsù lọ́wọ́. Adúmáradán gba kápúsù náà, ó rán an lọ sí ọsibítù, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Nínú agbo ilé wa, ìyàwó kì í ṣáájú ọmọ ilé rìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi, ó ní, “Àwọn ilé tí mo tà á fún pọ̀ láti ibí dé Àrẹ̀mọ. Máa lọ níwájú, kó o máa bá mi ṣàlàyé fún wọn. Màá máa tẹ̀lé ọ.”