Ewé tí Màámi Já ní Pálọ̀

Mo rántí pé píọ̀ wọ́tà ni ewé yẹn ń mu nígbà tí èmi ń mu omi kànga. Inú ìkòkò funfun kan ló wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, ó kún fún ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ ohunkóhun tí Ọlọ́run fún àwọn ewé yòókù. Oòrùn ń jó o. Omi kànga ń mú kí etí rẹ̀ gbẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, àfi kí n máa fọ́n omi sí i lára láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n gbé abọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n sì fi aṣọ rírọ̀ nu eruku ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, yóò ká ewé rẹ̀ sókè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á ní àdúrà ló ń gbà. Mo kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, Èkó ló ti gbé e wá. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Àbújá ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ní ti àṣà, ọkọ ni mo jẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, nítorí ọmọ ilé ni mí, ó sì mọ àṣà náà dáadáa. "Ọkọ mi, ṣé ewé ti mumi?" ló fi ń jí mi. Ọkọ tó ń nu eruku ojú ewé. Ìgbà kan tí etí ewé gbẹ, ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú ewé, ta ni yóò gbé ọmọ fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bóyá èmi náà tilẹ̀ ń wá ìjà ni, torí bó bá kí mi nígbà yẹn, èébú ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n parí ìdánwò àṣekágbá nígbà tí Màámi ti Ọ̀yọ́ dé. Wọ́n gbé ẹ̀wà dání, wọ́n ní àwọn fẹ́ se mọ́ínmọ́ín de ìyàwó àwọn kó tó ti ibi iṣẹ́ dé. Màámi kì í fi nílọ́ọ̀nù sè é. Wọ́n rán mi lọ ra ewé eéran ní ọjà Takie, mi ò rí rà. Nígbà tí mo padà, mo bá wọn ní pálọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ pa ewé náà lójú. Wọ́n ní ewé eéran tó kọlà bí ọmọ Ọ̀yọ́ rè é, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Màámi kì í fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan láìbéèrè.

"Ṣé ó ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe ni, àbí mo lè já a?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ.

"Ẹ já a, Màámi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ewé mọ́kànlá ni wọ́n gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dùn mọ́ mi nínú. Mo ti rò ó pé kò sí ìyàwó ilé tó máa lanu sí ìyá ọkọ rẹ̀, pé yóò gbé ìbínú rẹ̀ mì ni. Gbogbo ọgbọ́n mi nígbà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jẹ ẹyọ kan, ó sì yìn wọ́n. Ìgbà tó tú ìkejì ló rí ìlà lára ewé. Ó dìde lọ sí pálọ̀. Nígbà tó padà, kò kúnlẹ̀ mọ́.

"Ta ló ní kí ẹ já a?"

Màámi wò mí. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo ń ro ìdánwò mi, mo ń ro ibi tí mo máa sùn bí wọ́n bá lé mi. Màámi rí gbogbo rẹ̀ lójú mi.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n já a," ni wọ́n wí. "Ojú ló tàn mí."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ojú kọ́, ìwà ará oko ni. Màámi sì kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní ìṣojú mi, nítorí mi. Ẹ̀rù ba ìyàwó náà fúnra rẹ̀, ó sáré fà wọ́n dìde, ṣùgbọ́n orúnkún ti kan ilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sìn wọ́n dé gáréèjì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n lọ kàwé mi. Wọn ò sùn nínú ilé náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi dé, Màámi tó yẹ kí wọ́n wá wẹ ọmọ fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́. Ẹlòmíràn ló wẹ ọmọ náà.

Èmi náà ti nílé lónìí. Àárín èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti dán, mo ti rí i pé kì í ṣe ènìyàn burúkú, òun sì ni ó wá wẹ ọmọ fún mi nígbà tí mo bímọ. Bí a bá jókòó pẹ̀lú àlejò, ó máa ń mí kanlẹ̀, á ní òun ti dárí ji Màmá tipẹ́, Màmá ni kò jẹ́ kó tán nínú wọn. Àlejò á wò mí, bóyá òótọ́ ni. Mo máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.