Ẹṣin Abìyẹ́ Tí Ìyá Àgbà Fọ̀ Fún Àwọn Ará Ilé Mu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá ibi jókòó sí. Ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kumasi, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, àwọn kan tó mu nínú omi náà ṣì wà ní àdúgbò Asawase níbẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n!

Sàfúrà lorúkọ mi. Ìlọrin ni wọ́n ti bí àwọn bàbá ńlá mi, ṣùgbọ́n Asawase ni wọ́n bí èmi sí. Alfa ni bàbá mi. Àwọn ará àdúgbò a máa wá bá wọn pé kí wọ́n kọ ẹsẹ Kùránì sí wàláà, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, kí aláìsàn mu omi náà. Hàntú là ń pe omi yẹn. Èmi kò tọ ọ̀nà ìwé. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́, lọ́dọ̀ madam kan ní Ashanti New Town.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà. Mo ti kọ́ṣẹ́ parí láti ọdún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa, wọn kì í ṣe fíríídọ̀ọ̀mù fún ẹni tí kò bá ní máṣíìnì tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ ti gba fíríídọ̀ọ̀mù, àwọn èèyàn ti ń pè wọ́n ní madam, èmi ṣì ń gbálẹ̀! Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dunni tó? Mo máa ń sunkún sórí aṣọ tí mo ń lọ̀.

Màámi ń ta ọbúróní wáwù, ìyẹn òkìrìkà, ní ọjà Asafo. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn tú béélì aṣọ ibùsùn ọmọdé. Àfi bíi pé ilé ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀! Ìrọ̀rí, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, báàgì iléèwé, títí kan kọ́ọ̀bù oníke, àwòrán fíìmù kátúùnù kan náà ló wà lára wọn: ọmọbìnrin ọba kan tó ń gbé orí ìkúukùu, àti ẹṣin rẹ̀ tó ní ìyẹ́. Láàárín ìrọ̀rí méjì ni mo ti rí páálí pẹlẹbẹ kan. Ọ̀rá líle kan wà nínú rẹ̀ tó mọ́ bíi gíláàsì, wọ́n sì ya ẹṣin yẹn sí i lára. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ aró, adé wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tìróò. Ẹṣin tó lé tìróò! Ó wù mí, mo sì gbé e lọ sílé.

Bí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ṣe fojú kàn án báyìí, wọ́n kúnlẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà láàárín Mùsùlùmí á rántí àwòrán Búráákì tí wọ́n máa ń kiri tà, ẹran abìyẹ́ olójú obìnrin, èyí tí wọ́n ní Ànábì gùn lọ sí sánmà. Ọjọ́ pẹ́ tí Ìyá Àgbà ti ń wá irú rẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fi béélì òyìnbó gbé e wá bá àwọn.

Ṣó yẹ kí n sọ fún wọn pé ẹṣin kátúùnù ni? Ó yẹ! Ṣé mo sọ ọ́? N kò sọ ọ́. Mo rò ó pé bó bá ń jẹ́ Búráákì, àwọn ọmọ inú ilé kò ní fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n àgbọ́njù! Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri páálọ̀, bí wọ́n bá sì ti ń kọjá, wọ́n á kí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oníbàárà wa kan, Madam Hẹ́lẹ̀n, wá gba búláòsì tí mo bá a tún ṣe nílé wa. Òyìnbó ni, tíṣà ni, ó sì ti pẹ́ ní Kumasi débi pé ó ń sọ Twi bí ẹni ń mu omi. Bó ṣe wọ páálọ̀ ló figbe ta. Mo ṣebí ejò ló rí!

Ó ní tí wọ́n bá ń ṣe kátúùnù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á sára ọ̀rá bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà. Ó ní láti kékeré lòun ti ń kó gbogbo nǹkan fíìmù yẹn jọ, bèbí rẹ̀, kọ́ọ̀bù rẹ̀, ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ojúlówó àwòrán ọwọ́ yìí ṣọ̀wọ́n bí ojú, òun kò ní ọ̀kan rí. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi dáhùn. Máṣíìnì!

Ó ní òun ní ọ̀kan nílé tóun ò ní lè gbé padà sílùú òun. A ṣàdéhùn ọjọ́ Sátidé. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn pa á, n kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kàn án. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èrò mi ni pé màá yọ ọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà bá wà ní mọ́ṣáláṣí, màá wá sọ fún wọn pé... kí ni màá sọ? N kò tíì mọ̀. Fíríídọ̀ọ̀mù nìkan ni ojú mi ń rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀. Bàbá Músílì, aládùúgbò wa tí orúnkún ń dà láàmú, jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ahọ́n rẹ̀ dúdú bí aró! Mo wọlé, mo bá ìyàwó rẹ̀ pàdé, aró. Àwọn ọmọ mẹ́ta ń ṣeré, aró, aró, aró. 

Mo sáré wọ páálọ̀. Ìṣó nìkan ló wà lára ògiri. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo bá ọ̀rá náà lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, wọ́n fi nǹkan há etí rẹ̀ méjèèjì, mo sì ń rí ilé ìdáná láti inú rẹ̀. Àwọn ìlà dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya ẹṣin náà nìkan ló kù.

"Sàfúrà, kafra o, má bínú, mo mọ̀ pé ìwọ lo ni ín," Ìyá Àgbà sọ lẹ́yìn mi. "Bàbá ẹ ò tíì ti Tamale dé, orúnkún sì ń pa ẹni ẹlẹ́ni. Mo ní wàláà tá a kọ, a ń fọ̀ ọ́ mu, Búráákì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kànhìnkànhìn tuntun ni mo fi fọ̀ ọ́. Wallahi, mi ò rí hàntú tó dára báyìí rí. Ó dára paa!"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n fà mí mọ́ra. Wọ́n ní kí n má sunkún, àwọn kò gbàgbé mi, àwọn ti bu tèmi pamọ́ sínú kọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlà gùn nílé ìyàgbẹ́ wa. Ìyá Àgbà ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Bàbá Músílì ní tirẹ̀ ní orúnkún òun ti san, ó sì ń fò kọjá gọ́tà kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó fò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló já sínú rẹ̀.

Inú gọ́tà náà ni a ti ń fà á jáde nígbà tí táksí Madam Hẹ́lẹ̀n dé.

Dírẹ́bà gbé máṣíìnì náà sílẹ̀. Ó ń dán! Mo mú ọ̀rá jáde, mo gbé e lé Madam lọ́wọ́, n kò lè wo ojú rẹ̀. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Àgbà bi mí pé kí ló ń pa òyìnbó lẹ́kún.

Mo lè parọ́. Mo lè sọ pé orí ló ń fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kì í ṣe Búráákì. Mo ní ẹṣin inú kátúùnù ni, mo sì ti fẹ́ fi gba máṣíìnì láìsọ fún wọn.

"O mọ̀?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní mo mọ̀.

"O mọ̀, o wá ń wò mí, tí mo ń kúnlẹ̀ fún ìṣeré ọmọdé?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ ibẹ̀ lọ. Títí dòní, bí mo bá rántí ojú tí wọ́n fi wò mí, ó ń dùn mí.

Wọ́n wọlé lọ. Ìgbà tí wọ́n máa jáde, kọ́ọ̀bù tèmi tí wọ́n bù pamọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Madam Hẹ́lẹ̀n. "Maame, gye. Wo deɛ nie," ni wọ́n sọ fún un ní Twi, pé kó gbà á, tirẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni Twi wọn mọ, wọ́n wá yíjú sí mi: "Sọ fún un pé a kì í jẹ àmánà, ohun ẹlòmíràn, nílé yìí. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹrù rẹ̀ nìyẹn."

Madam wo omi aláwọ̀ aró náà. Ó wo Ìyá Àgbà. Ó wo gbogbo ará ilé tó dúró tì wá pẹ̀lú ahọ́n dúdú, àti Bàbá Músílì tí ẹrẹ̀ gọ́tà kùn lára. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ló bá gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu! Mo kígbe pé kó má mu ún. Ó ti gbé e mì.

Nígbà tó tún lanu, ahọ́n tirẹ̀ náà ti di aró. Ó ní gbogbo nǹkan fíìmù yẹn tóun ti ń kó jọ, inú kọ́bọ́ọ̀dù lòun ń tì wọ́n mọ́, kò sì sí èyí tó ṣe ẹnikẹ́ni lóore rí. Ó ní wọ́n ti gbé ẹrù òun fún òun, òun sì ti gbà á, nítorí náà máṣíìnì di tèmi. Ó ká ọ̀rá náà mọ́wọ́, ó dì mọ́ Ìyá Àgbà, ó sì lọ.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ìyá Àgbà ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máṣíìnì náà títí màá fi tẹ̀ lé àwọn. Ilé dé ilé la lọ, sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó mu omi. Èmi ni wọ́n ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé ọ̀dà kátúùnù ni wọ́n mu, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run là ń fọ̀ mu, a kì í fọ àwòrán. Àwọn kan bú mi, àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dùbúlẹ̀.

Bàbá Músílì la bá kẹ́yìn. Ó gbọ́ mi tán, ó na ẹsẹ̀, ó ká a kò. "Ìyá, mo bẹ̀ yín," ló wí, "ẹ má gba orúnkún mi padà."

A ṣàlàyé, kò gbọ́. Lọ́nà, Ìyá Àgbà fi ọ̀pá wọn gbá mi ní ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní: "Ṣó o rí i? Òtítọ́ tó bá pẹ́ kó tó dé, orí àga ló ń bá irọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ṣe fíríídọ̀ọ̀mù mi, mo sì di madam. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kọjá ti aṣọ rírán. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òótọ́ ni. Ti ẹlòmíràn náà á sì bá a dákẹ́ pẹ̀lú. Bí àgbà yín bá ń ṣe àṣìṣe tó rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ tètè sọ fún wọn, kí wọ́n tó bu omi sí i.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ dákẹ́ lé lórí rí tó wá di ariwo? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Èmi ti sọ tèmi, ojú sì ṣì ń tì mí.