Ihò Kan Tí Mo Dí Lára Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Nimọ́tà, tí mo kọ́ ní praímárì, ti di ẹnjiníà báyìí. Ó rẹ́ǹtì yàrá kan nílé mi ní Ìbà. Òun àti Ṣẹ́gun, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó máa wọn bí ooru àti afẹ́fẹ́ ṣe rí lókè. Iṣẹ́ Nimọ́tà ni orí rẹ̀, níbi tí bátìrì, wáyà àti sẹ́ńsọ̀ wà. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló máa mọ ibi tó ga dé, òun náà ló máa sọ fún páráṣúùtì pé kó ṣí. Tí kò bá ṣí ńkọ́? Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ á já lulẹ̀ bí òkúta nìyẹn!

Wọ́n ní kí n bá wọn kun orí náà ní ọ̀dà funfun, torí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Níbi tí mo ti ń kùn ún ni mo ti rí ihò kan, kò ju orí ìṣáná lọ. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fẹ́ wúruwùru. Mo fi gọ́ọ̀mù dí i, mo fi sáńpépà ha á, mo kùn ún. Ó dán! N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ó yẹ kéèyàn máa pariwo nítorí àtúnṣe kékeré?

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n yìn ín sókè, a gbé e lọ sí Okokomaiko láti dán an wò. Wọ́n á gbé e gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, nọ́ńbà gíga tí sẹ́ńsọ̀ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù á sì máa pọ̀ sí i bí a ṣe ń gòkè. Agbèrò kan rí wa.

"Sista, kí lẹ gbé yẹn? Ẹ má jẹ́ kí ṣọ́jà bárékè Ọ̀jọ́ rí yín, wọ́n á ní bọ́ǹbù ni o!"

Ṣẹ́gun ní ìkòkò ọbẹ̀ ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

A gun òkè, nọ́ńbà kò yí. A sọ̀, a tún gùn ún. Òdo ni! Ẹ̀rín tán.

Nígbà tí a délé, Nimọ́tà ní òun ló jó sẹ́ńsọ̀ náà nígbà tí òun ń lẹ wáyà. Omi ti ń lé sójú rẹ̀. Ó ti mú irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà láti yọ ọ́ dànù. Ṣẹ́gun wá béèrè bóyá afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ gíga ń ráyè wọlé. Nimọ́tà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun fúnra òun lòun lu ihò sí i.

Ihò tí mo dí nìyẹn! Ṣé kí n dákẹ́? N kò ní purọ́ fún yín, mo rò ó.

"Nimọ́tà, gbé irin yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo dí ihò náà."

Nimọ́tà gbé irin náà sílẹ̀.

"Ha, mọ́mì!" Ṣẹ́gun ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ ti fagi lé iṣẹ́ wa níbi tó ti dáa!"

Nimọ́tà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú, ó na dírìlì sí mi. "Ẹ bá wa lù ú padà, mà."

Mo lù ú. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n yìn ín sókè, mo rí páráṣúùtì náà tó ṣí lókè. Àwọn yòókù ń pariwo ayọ̀. Èmi kàn ń ronú bí ìdákẹ́ mi ì bá ti jù ú lulẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa béèrè ká tó tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Tí a bá sì ti ṣe é, ká tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíì má bàa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí lẹ̀yin náà ti tún ṣe rí tó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. N kò ní fi bírò pupa sàmì sí i!