Bí A Ṣe Já Ọmọ Ẹṣin Lẹ́nu Ọmú

Òórùn ewúro ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ mi obìnrin, tó gbé ọmọ rẹ̀ wá kí mi, wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gbo ewé sínú abọ́ kékeré. Ó fẹ́ fi oje rẹ̀ pa orí ọmú kí ọmọ náà lè kọ̀ ọ́.

"Màámi, tí kò bá gbà, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ yín fúngbà díẹ̀."

Mo ní kò burú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kí wọ́n fi ewúro gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ọmọ ènìyàn kọ́. Ọmọ ẹṣin ni.

Ní agbo ilé wa ní Ìjẹmọ̀, Bàbá Àgbà tó bí bàbá mi ń ta aṣọ, wọ́n sì ní abo ẹṣin pupa kan tí wọ́n ń gùn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Àlùbáríkà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni ilé rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé kò sí ọbẹ̀ tí a jẹ dàgbà tí òórùn koríko tútù àti ìgbẹ́ ẹṣin kò bá wọn dé inú rẹ̀. Àlejò a máa fi ọwọ́ bo imú. Àwa kì í mọ̀ pé nǹkan kan ń rùn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àlùbáríkà bí akọ. Ọmọ náà dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó ga débi pé ó ní láti tẹ ọrùn wálẹ̀ kó tó lè mu ọmú, síbẹ̀ kò fi ọmú sílẹ̀. Egungun ìhà ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Iléyá ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá mú Àlùbáríkà jáde, tí ọmọ rẹ̀ bá yán lẹ́ẹ̀kan péré, ilé ni yóò yí padà sí.

Bàbá Àgbà ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ yìí fẹ́ mu ìyá rẹ̀ pa."

"Ẹ̀yin lẹ ń kánjú Yídì," Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, dá wọn lóhùn. "Èyí tó bí ṣáájú ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Kò sẹ́ni tó gbàgbé. Wọ́n ti já ìyẹn lẹ́nu ọmú kó tó mọ oúnjẹ jẹ. Ó kọ koríko, ó kọ omi, ó dúró ti ògiri títí ó fi ṣubú, kò sì dìde mọ́. Bí a bá pẹ́ jù, ìyá lè lọ. Bí a bá yá jù, ọmọ ni.

Ìyá Àgbà bá dá ìdánwò tiwọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti sẹ́ ògì tán láràárọ̀, wọn a bu èèrí sí mi lọ́wọ́, wọn a ní kí n nà án sí ọmọ ẹṣin náà. Ó kọ́kọ́ ń fi imú ti ọwọ́ mi dànù. Nígbà tó yá, ó ń lá a. Ọjọ́ tó jẹ ẹ́ tán, tó tún ń wá a kiri láàárín ìka mi, Ìyá Àgbà ní, "Ó tó wàyí."

Ni àwọn obìnrin ilé bá gbo ewúro. Ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Wọ́n fi pa ọmú Àlùbáríkà, ó fi ẹsẹ̀ gbá abọ́ lọ sí ojúde. Ọmọ ẹṣin sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó tọ́ ọmú wò, ó yọ ètè sókè, ó ronú díẹ̀, ó tún kì í mọ́lẹ̀, ó ń mu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìyá Àgbà káwọ́ lérí. "Ọmọ Ẹ̀gbá ni o jàre. Ó ti mọ ewúro jẹ."

Ó wá ku ọ̀nà kejì tí à ń gbà já ọmọ lẹ́nu ọmú: kí a gbé e lọ síbi tí kò ti ní gbóhùn ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ní àbúrò kan tó ń dáko ní Odẹ́dà. Ìyá Odẹ́dà là ń pè wọ́n.

Ní àkókò yẹn náà, ìyá mi ti kó ẹrù wọn lọ sí Ọ̀fàdà, ilé bàbá wọn. Ohun tó wà láàárín àwọn àti bàbá mi, ẹnikẹ́ni kò wí i fún mi. Wọ́n kàn ní ọmọ kì í tẹ̀lé ìyá lọ. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Mi ò sunkún. Mò ń lọ sílé ìwé, mò ń gbálẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ọmọ ẹṣin lọ sí Odẹ́dà, Bàbá Àgbà bi Ìyá Àgbà pé, "Ta ni yóò máa fún ẹṣin lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Ọwọ́ ọmọ yìí ló ti ń jẹun," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ jẹ́ káwọn méjèèjì jọ lọ."

Ní Odẹ́dà, ọmọ ẹṣin yán títí ohùn fi há a lọ́fun. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó lọ dúró ti ògiri. Mo na èèrí sí i, kò wò mí. A mọ ohun tí ìdúró yẹn túmọ̀ sí. Èmi pàápàá, ẹ̀bà tí wọ́n gbé fún mi ń dì síwájú mi.

Ìyá Odẹ́dà wò wá títí, wọ́n wá lọ tú àgbò Iléyá wọn, wọ́n tì í wọlé tọ ẹṣin. Àgbò ò bèèrè ẹni tó lóúnjẹ. Ó ki ẹnu bọ èèrí. Ọmọ ẹṣin yí orí. Ó tún yí i dáadáa. Kò pẹ́, ó ti ń fi èjìká ti àgbò kúrò nídìí abọ́.

Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Tiwa, àgbò ló wò jẹun.

Ìyá Odẹ́dà yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ìyá mi? Ṣé kí n lọ mú àgbò tìrẹ náà wá ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀bà náà. Mi ò rántí adùn rẹ̀.

Bàbá Àgbà gun Àlùbáríkà lọ sí Yídì lọ́dún náà, ẹṣin náà kò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan. Ní Odẹ́dà wọ́n pa àgbò, ọmọ ẹṣin ń jẹ koríko nítòsí. Nígbà tí wọ́n wá mú wa padà sí Ìjẹmọ̀, gbogbo ilé jáde wá wòran. Àlùbáríkà gbóòórùn ọmọ rẹ̀ ní ọrùn, ó gbóòórùn rẹ̀ ní ìhà, ó sì padà sídìí koríko rẹ̀. Ọmọ náà ò tilẹ̀ wá ọmú.

"Alihamdulilai," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó ti já."

Lọ́sẹ̀ kan náà ni ìyá mi ti Ọ̀fàdà dé, wọ́n di ìrẹsì tí wọ́n sè sínú ewé wá fún mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà."

Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ń tú ewé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò sọ pé nǹkan kan já.

Ibi tí ilé ẹṣin wà nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Gàárì Bàbá Àgbà ṣì wà ní àjà, eku ti jẹ ẹ́ lápá kan. Ewúro nìkan ni kò yí padà, kò sì ṣiṣẹ́ fún ọmọ-ọmọ mi náà. Ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó lọ. Ọmọ náà sunkún, ó sun ún títí, ó wá dákẹ́. Lọ́sàn-án òní ó mu ògì lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù. "Màámi, ṣé ó ṣì ń béèrè mi?"

"Rárá."

"Háà, ẹ ṣé o. Ó ti gbà nìyẹn."

Gbogbo àwọn àgbà ilé wa ló mọ ìgbà tí à ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìgbà tí à ń padà wá mú un ni mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Mo ní kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ́la.