Ọjọ́ Tí Yèyé Ju Eyín Inú Òkun Sórí Òrùlé

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí eyín àkọ́hù ẹnu mi ṣì ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé ìyá tó bí màmá mi ní ìlú Oǹdó ni mo ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ lè má mọ̀ bí eyín ṣe ń di ọ̀rọ̀ ilé nígbà náà. Bí eyín ọmọdé bá ká, a kì í sọ ọ́ nù. A ó fi òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ọmọ náà á di ojú rẹ̀, a ó sì jù ú sórí òrùlé. Aláǹgbá kò gbọdọ̀ rí i o. Bí aláǹgbá bá fi rí i pẹ́nrẹ́n, a gbà pé òmíràn kò ní hù níbẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ẹnu ọmọ kan bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀ ládùúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mú un wá. Ó máa ń di eyín àti òkúta pọ̀ sínú àkísà kékeré kí wọ́n má baà tú ká kí wọ́n tó dókè. Ẹ fi àkísà yẹn sọ́kàn, torí òun ló kó wa sí wàhálà.

Àbúrò màmá mi kan wà tí ó máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Àǹtí ni mò ń pè é. Yunifásítì ní Àkúrẹ́ ló wà, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ló ń kọ́. Òun nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì rẹ̀, àwọn ará ilé wa kò sì yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ń ṣa òkúta kiri. Yèyé fúnra rẹ̀ máa ń bi í pé ṣé òkúta tó wà ní Ìdànrè kò tó o ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta lásán ni Àǹtí ń wá. Lápá Okìtìpupa, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, àwọn kan ń gbẹ́ kànga tó jìn. Amọ̀ dúdú kan báyìí tó gan ni wọ́n ń hú jáde. Inú amọ̀ yẹn ni Àǹtí ti rí eyín. Ó rí ṣóńṣó, ó tẹ̀ díẹ̀ bí èékánná àwòdì, ó sì ń dán. Ó ní ẹranko afàyàfà kan ló ni ín, tó bá awọ́nríwọ́n tan, àmọ́ tó gùn ju bọ́ọ̀sì lọ, tó jẹ́ pé inú òkun ló ń gbé. Ó ní òkun ti bo gbogbo apá ìsàlẹ̀ yẹn rí, kí ènìyàn kankan tó dáyé. Yèyé wò ó títí, ó ní, “Awọ́nríwọ́n tó gùn ju bọ́ọ̀sì. Ìkòkò wo ni wọ́n fi ń sè é?”

Àwa rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ Àǹtí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Nígbà tí Àǹtí kó eyín mélòó kan lọ fi hàn án, ọkùnrin náà gbé wọn wò, ó sì sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé irọ́ ni. Ó ní ọwọ́ àwọn tó ń tajà láti òkè ọya ni ọmọbìnrin yìí ti rà wọ́n, tó wá ń pè wọ́n ní ti ilẹ̀ wa. Ó ní bí ó bá dá a lójú, kí ó mú ẹyọ kan wá tó ṣì dúró nínú amọ̀ tirẹ̀, kí òun tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó lọ wá nǹkan mìíràn kọ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kò sí ẹni tí yóò gbàgbé pé wọ́n pe ọmọ yìí ní òpùrọ́, orúkọ yẹn ni yóò bá a jáde ní yunifásítì.

Àǹtí padà lọ sídìí kànga. Bí ó ṣe bẹ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé òkìtì amọ̀ kan bọ̀ wálé tí eyín kan ń yọ orí nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó sí pèpéle iwájú ilé wa, tí ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ amọ̀ lára eyín díẹ̀díẹ̀, tí ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbá a, tí ó ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà ni ó ń dá mímí dúró, àwa náà a sì dá tiwa dúró. Ó ní gbòǹgbò eyín náà gbọ́dọ̀ wà nínú amọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Kò jẹ́ kí omi súnmọ́ ọn. Amọ̀ yẹn, bí omi bá kàn án, ó máa ń wú, á sì fọ́ wẹ́wẹ́. Àtè kan ló ń kán sí i kí ó lè dì mú, oògùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ ló sì fi ń tú àtè náà. Gbogbo iwájú ilé wa ń rùn bí yàrá ìyàwó, bẹ́ẹ̀ Àǹtí kò kun èékánná rí.

Ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí Àǹtí yóò gbé e lọ sí Àkúrẹ́ ni eyín àbúrò mi ọkùnrin ká. Ó fi sínú páálí ìṣáná, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ń dúró de Yèyé. Àǹtí náà ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ó fi aṣọ rírọ̀ di amọ̀ náà, ó ta á ní kókó, ó gbé e kalẹ̀ sórí pèpéle kí ó lọ béèrè ìgbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa ń gbéra ní gáréèjì. Bí ó ṣe ń lọ, ó ké sí Yèyé nínú ilé, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi gbé eyín orí pèpéle yẹn sókè o, kí àwọn ọmọ má baà fọwọ́ kàn án.”

Yèyé jáde. Ó rí àkísà tí wọ́n ta ní kókó. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mọ̀ pé nǹkan líle wà nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, Àǹtí ti bá òun di eyín ọmọ náà mọ́ òkúta, ó sì ti ní kí òun gbé e sókè. Ibo ni wọ́n ń gbé eyín lọ bí kò ṣe òkè? Ó pe àbúrò mi, ọmọ náà di ojú pinpin bí a ṣe kọ́ ọ, kò lè rí ohun tó wà lọ́wọ́ Yèyé. Èmi ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú garawa omi nígbà tí mo rí apá Yèyé tó fì. Mo gbọ́ gbì lórí páànù. Òkúta wẹ́wẹ́ kì í ró bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú fèrèsé, páálí ìṣáná àbúrò mi ṣì wà níbẹ̀. Garawa bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Àǹtí dé, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà ló ń bọ̀, ẹ̀yin náà mọ irú ìjì tó máa ń ṣíwájú rẹ̀. A kò tíì rí ẹni tí yóò sọ fún un, àbúrò mi ló là á mọ́lẹ̀ pé Yèyé ti bá òun ju eyín òun, àmọ́ eyín òun ló tún wà nínú páálí yìí. Àǹtí wo pèpéle. Ó wo Yèyé.

Yèyé ní, “Ìwọ lo ní kí n gbé e sókè.”

“Òkè àpótí aṣọ ni mo wí, Màmá.”

Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Mi ò rí i kí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti Àǹtí lọ.

A sáré yá àkàbà lọ́wọ́ bàbá tó ń ra kòkó nílé kejì. Àǹtí ló kọ́kọ́ gùn ún. Páànù ilé Yèyé ti dógùn-ún, igi abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà. Bí ó ṣe gbé orúnkún lé e, páànù náà ké, ìṣó kan fò jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wọ inú rẹ̀ lọ dé kókósẹ̀. Yèyé fi igbe ta. Àǹtí rọra yọ ẹsẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gùn ún, pé mi ò wúwo. Yèyé ní láéláé, ọmọ òun kò ní í torí eyín òkú ẹran já bọ́. Àǹtí náà ní rárá, pé bí eyín náà bá lọ, ó lọ náà nìyẹn. Ó wá jókòó sí ìdí àkàbà, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún. Ohun tí mi ò lè gbà nìyẹn. Yèyé kọjú sí i láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo fò lé àkàbà lẹ́yìn wọn.

Mo fàyà wọ́ lórí páànù níbi tí ìṣó tò sí, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni igi wà. Ooru oòrùn ọ̀sán ṣì wà lára rẹ̀, ó ń jó mi nítan. Mo gbọ́ ohùn Yèyé nísàlẹ̀, ó ń pe orúkọ mi, kò pariwo mọ́, bóyá ó ń bẹ̀rù pé ariwo lásán lè mú mi ṣubú. Àkísà náà há sí ibi tí páànù kan ti lé orí èkejì, kò jìnnà sí etí òrùlé. Afẹ́fẹ́ ń ká páànù náà sókè, ó sì ń gbá a padà. Ẹ̀kán òjò kan bà mí lẹ́yìn bí òkò. Òmíràn ba páànù níwájú mi, ó gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi tó àkísà náà. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé ọwọ́ méjèèjì ni mo nílò láti padà. Mo fi eyín mi bu kókó àkísà náà jẹ, mo dì í mú pinpin, mo ń fà sẹ́yìn-sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé eyín èmi náà ń ká. Ọ̀kan ti ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe tàsé àkàbà, tí mo já dì mọ́ ọn, mo gbọ́ tí nǹkan kan ṣẹ́ lẹ́nu mi. Mo ṣe bí eyín ẹranko yẹn ni. Mo ní mo ti fọ́ ọ. Àǹtí gbà mí mú, ó gbé mi sáré wọlé, bí a ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ni òjò dà sílẹ̀ wìì.

Àǹtí tú kókó náà. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan lára amọ̀ ti ya kúrò, ṣùgbọ́n eyín náà wà níbẹ̀ ṣinṣin, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú amọ̀. Eyín mi kékeré ló há sí kókó aṣọ. A wò ó, a wo ara wa. Yèyé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó pọ̀ mọ́ ẹkún, ó sì gbá mi létí lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé mo gun òrùlé.

Àǹtí mú mi dání lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Olùkọ́ náà fi awò wo eyín yẹn. Ó yí i padà, ó fi èékánná ha amọ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó béèrè bí kànga náà ti jìn tó àti irú ilẹ̀ tó wà lókè amọ̀, Àǹtí sì dá a lóhùn. Nígbà tó yá ó ní, “Ó dáa. Lọ kọ ọ́.” Kò sọ pé òun ṣi obìnrin yìí pè o. Títí tó fi bá ọkọ̀ òfuurufú lọ, kò sọ ọ́, ó sì ń dùn mí di òní. Ní gáréèjì, Àǹtí ra bọ̀ọ̀lì fún wa, ó sì sunkún títí bọ̀ọ̀lì náà fi tutù.

Ní ti eyín tèmi, a wá a láti jù ú nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, a kò rí i mọ́. Èyí tó hù rọ́pò rẹ̀ wọ́. Títí Yèyé fi kú, bí àlejò bá wá, yóò ní kí n ya ẹnu, yóò ní, “Ẹ wò ó fúnra yín, wọn ò jù ú ni.”

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti wó ilé Yèyé, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní Àkúrẹ́ tí mo ń gbé, eyín ọmọ ọmọ mi ká láìpẹ́ yìí, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni mo ti lọ yọ ọ́. Nígbà tí mo ní ká jù ú sórí òrùlé, ó gbé fóònù jáde láti ya mí ní fídíò. Òrùlé ilé òde òní sì ga, apá mi kò gbé e mọ́. Mo lọ ròyìn rẹ̀ fún Àǹtí, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá, ó gbé àpótí kékeré kan jáde. Eyín ẹranko inú òkun ló tò sórí òwú nínú rẹ̀. Láàrin wọn ni kékeré kan wà, funfun, tí ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ dáadáa, tí ó sì ti kán àtè sí i kí ó má baà sán.

Ó ní, “Ṣé o kò mọ ẹni tó ni ín ni?”

Mo mú un sọ́wọ́. Eyín ẹnu mi ti ń dín kù báyìí, èyí tó wọ́ yẹn pàápàá ti lọ. Gbogbo èyí tí Yèyé bá mi jù sórí òrùlé ti bá òrùlé lọ. Èyí tí wọn ò jù ló kù.