Ọ̀pẹ Òyìnbó Tí Kì í So

Ọ̀pẹ òyìnbó ni mo pe ewéko náà fún ìyàwó mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọlé. Mi ò purọ́ fún un, nítorí èmi náà gbà pé ọ̀pẹ òyìnbó ni. Ewé rẹ̀ gùn, ó le, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ewé náà sì pagbo yí ara wọn ká bíi ti ọ̀pẹ òyìnbó tí gbogbo wa mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yà á sọ́tọ̀ ni pé àárín rẹ̀ pupa fòò, àfi bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Ìgbà wo ló máa so?" Mo ní kò ní í pẹ́. Odidi ọdún mẹ́rin ló fi bi mí ní ìbéèrè yẹn, mi ò sì yí èsì padà.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe. Owó epo rọ̀bì ti dé nígbà náà, ó sì jọ pé gbogbo ẹni tó wà ní Èkó ló fẹ́ kọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a fi irinṣẹ́ inú àpò kan péré wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ló ń wá wa kiri, àwa kọ́ là ń wá iṣẹ́. Àwọn olówó tuntun ń ra ilé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó gbé ní Ìkejà, wọ́n ń wó o, wọ́n ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Ọgbà òdòdó iwájú ilé ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń hú. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí ààtàn, wọn a dáná sí i. Orí irú ààtàn bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí ewéko pupa yẹn, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wo sánmà. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ti ọwọ́ bọ inú èéfín, mo fà á yọ, mo gbé e sínú àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo, ó di ilé wa ní Egan.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa kó pákó àti ìṣó tó ṣẹ́ kù relé, èmi a máa kó koríko. Káfíńtà kan ní sáìtì wa bi mí níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Bíríkìlà, ewúrẹ́ mélòó lo ń sìn gan-an?" Mo ní bí mo bá ń sin ewúrẹ́, òun káfíńtà ni ǹ bá kọ́kọ́ so mọ́lẹ̀. Mi ò gba ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún rí òmíràn lórí ààtàn lọ́sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé e pa mọ́ sábẹ́ igi.

Kó tó pé ọdún mẹ́rin, mo ti ní mẹ́tàdínlógún lára àwọn ọ̀pẹ òyìnbó tí kì í so yìí. Ọ̀kan ní ilà funfun gbọọrọ bíi ti aṣọ òfì, ọ̀kan dúdú bí aró tí ẹ bá wò ó lókè, ṣùgbọ́n abẹ́ ewé rẹ̀ pọ́n. Òmíràn ní àmì tóótòòtó lára bí ìyẹ́ ẹtù. Agolo ọ̀dà ni mo gbìn wọ́n sí, mo fi ìṣó lu ìdí agolo kí omi lè máa jò. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ kò bá wọn lára mu, èyí tí mo kọ́kọ́ gbìn sínú ẹrẹ̀ ló kọ́ mi. Èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ àti èédú ni wọ́n fẹ́. Àárín ewé wọn a máa gba omi dúró bíi kọ́ọ̀bù, bí òjò bá sì rọ̀ tán, ẹ ó rí sánmà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Inú mi a máa dùn débi pé mo lè dúró tì wọ́n títí oúnjẹ mi á fi tutù.

Mo tún ní àwọn igi ọ̀pẹ kan, oríṣi mẹ́ta, tí mo hú ní kékeré. Ọ̀kan ní ewé tó ṣí bí abẹ̀bẹ̀, ọ̀kan ní igi pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán. Ìyá onílé wa, arúgbó ọmọ bíbí Egan tí inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ilé ìjókòó rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, wò wọ́n ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àwa ń gé ọ̀pẹ kí ẹ̀yin lè rílé gbé, ìwọ tún ń gbìn ín padà. Ìgbà wo lèyí máa so ẹyìn?"

"Kì í so ẹyìn, Ìyá."

"A kì í fi ewé ẹ̀ ṣọwọ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Ọ̀pẹ tí ò ní ẹyìn, tí ò ní ọwọ̀, kí ló wá ń ṣe nílé ọmọ èèyàn jàre?"

Àwọn ìyá aláṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìnkùlé wa ló wá rí iṣẹ́ fún ọ̀pẹ náà. Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn ní imọ̀ ọ̀pẹ lára èyí tó ṣí bí abẹ̀bẹ̀, pé yóò dára lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Èmi mùsùlùmí dúró ti ọ̀pẹ mi, mo ń yan imọ̀ fún àwọn aládùúrà, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gé èyí, kí wọ́n má fọwọ́ kan tọ̀hún. Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín gbankọgbì.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bà mí nínú jẹ́ nígbà náà. Mo ní bùtà kan tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, tí ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń pọn omi kún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kí n lè bá a nílẹ̀ bí mo bá dé nírọ̀lẹ́. Bí mo bá dé, òfìfo ni. "Ta ló da omi bùtà mi?" Ariwo mi a gba gbogbo ilé. Àwọn ọmọ a sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi, tó ń ta ọṣẹ níwájú ilé, a dìde, a gbé bùtà, a lọ pọn òmíràn wá láti ìdí kànga. Inúfùfù ni mí, mi ò ní fi bò.

Lọ́jọ́ Jímọ́ kan ni wolé-wolé dé, pẹ̀lú káakí rẹ̀ tó gún régé. Ó yẹ ìkòkò omi wò, ó yẹ gọ́tà wò, ó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn agolo mi. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín èyí tó pupa. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó ń wò, tanwíjí ni, wọ́n ń jó nínú omi náà, wọ́n pọ̀ jọjọ.

"Ìwọ lò ń sin ẹ̀fọn fún gbogbo Egan," ó ní. "Mò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ òní. Tí mo bá bá tanwíjí kan ṣoṣo níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá dà nù, ìwọ náà á sì tẹ̀ lé mi dé kóòtù."

Kó tó lọ, ó sọ fún Ìyá onílé pé kó da kẹrosíìnì sínú gọ́tà, pé òun ní í pa tanwíjí. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà já mi láyà ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni pupa mi ń múra àtiyọ òdòdó. Àárín rẹ̀ ti ń wú, àwọn bọ́ńbọ́ òdòdó kékeré ti ń yọjú láti inú omi. Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀! Mo pinnu pé lálaalẹ́ ni n ó máa da omi inú gbogbo wọn nù, n ó máa fi tuntun rọ́pò. Mo ṣe é fún alẹ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, a fẹ́ da kọ́ǹkéré dẹ́kìn, àjà tó di ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní sáìtì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé a kì í fi dẹ́kìn sílẹ̀ láàárín méjì, bí a bá bẹ̀rẹ̀, àfi ká parí. Ẹ̀rọ tí a fi ń po kọ́ǹkéré dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ méjì ni mo sì lò níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kẹrosíìnì. Mo wo inú pupa, omi rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí epo bá já sínú ọbẹ̀. Mo wo ìkejì, mo wo ìkẹta, bákan náà ni. Mẹ́tàdínlógún pé pérépéré.

Ìyàwó mi jáde wá, ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Mo ti bá yín ṣe é," ó ní. "Tanwíjí kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ wò ó."

Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ òwe náà dáadáa, ṣùgbọ́n mo jù ú sílẹ̀ ó fọ́. Mo ní ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe pa wọ́n. Mo ní ikùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀, pé nítorí wọn kò so ohun tó máa jẹ ló ṣe kórìíra wọn. Ayọ̀ ojú rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi, ó sì wọlé lọ.

Wolé-wolé padà dé lọ́jọ́ tó dá. Ó fa òórùn símú, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ẹ gbọ́n jù ẹ́ lọ," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó dà wọ́n nù. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá, mo fọwọ́ kan àárín pupa, ó já bọ́ sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo bọ́ńbọ́ òdòdó rẹ̀, ó ti rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sórí ààtàn, omi sì lé sí mi lójú.

"Dúró ńbẹ̀," Ìyá onílé ní láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta lo rò pé ó ń fún wọn lómi láti ọdún mẹ́rin wá?"

Mo ní òjò ni.

"Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní bóyá ìrì.

"Ìrì!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ojoojúmọ́ ayé, tí oòrùn bá ti kàn wọ́n lórí, ìyàwó ẹ á gbé bùtà ẹ, á máa bu omi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bùtà nìkan ni ẹnu ẹ̀ gùn débẹ̀ tí ẹ̀gún ò ní í fà á lọ́wọ́ ya. O dé, o pariwo lé e lórí, ó tún lọ pọn tìẹ. Mo ní kó sọ fún ẹ. Ó ní o ò bi òun. Gbé àwọn nǹkan yẹn sílẹ̀ jàre. Bí iná kú a feérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú a fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Ìdí wọn ò tíì kú."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé. Ẹnu mi kò mọ bí a ti ń sọ pé jọ̀ọ́, wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mo gba ọ̀nà Ìkòtún lọ, mo ra ọ̀pẹ òyìnbó tó tóbi jù lọ́jà, èyí tó pọ́n tí òórùn rẹ̀ ń ta. Mo gbé e síwájú ìyàwó mi láàárín ọṣẹ rẹ̀.

"Ó ti so," mo ní.

Ó wò mí. Ó wo ọ̀pẹ òyìnbó. Ó tún wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó gbọ̀n títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà jókòó tì í, a rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ jáde wá wò wá. Nígbà tó nu ojú tán, ó mú ọṣẹ dúdú kan lórí àtẹ, ó ní, "Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín, ẹ wá pọn omi." Ọjọ́ yẹn la fọ gbogbo wọn, ewé kọ̀ọ̀kan, agolo kọ̀ọ̀kan, a pààrọ̀ èédú wọn. Kò jẹ́ kí n da ọ̀kan nù.

Kò pé oṣù méjì tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nídìí wọn. Àárín tó kú ni kò jẹ́ kí ìdí sinmi, ìyá kan bí mẹ́ta, òmíràn bí márùn-ún. Pupa bí méje! Ìyàwó mi ń ké sí mi láti ojúlé pé kí n wá wo òmíràn. A fún Ìyá onílé, a fún àwọn aládùúrà, káfíńtà elẹ́nu burúkú náà wá láti Ìpájà wá gba tirẹ̀. Ní òjò ọdún kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ pupa yọ òdòdó, kékeré, aláwọ̀ àlùkò, ó ń yọ jáde láti inú omi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú agolo kejìdínlógún, ni ọ̀pẹ òyìnbó tòótọ́ tí ìyàwó mi gbìn láti orí èyí tí mo rà ní Ìkòtún, òun náà ti so. Ó gé e, ó mú ègé àkọ́kọ́ fún mi.

Mo ti ra bùtà kejì fún un tipẹ́, kó lè ní tirẹ̀. Kò lò ó. Ó ní tèmi ló mọ́ òun lọ́wọ́. Àwa méjèèjì ti darúgbó báyìí. Bí mo bá fẹ́ kírun ìrọ̀lẹ́, tí mo gbé bùtà tó fúyẹ́, mo ṣì máa ń pariwo pé, "Ta ló da omi bùtà mi?"

Ìyàwó mi a sì dá mi lóhùn láti àárín àwọn ewéko rẹ̀ pé, "Ìrì ni."