Bí Waliyah Ṣe Sọ Ìdí Ọkọ̀ Rẹ̀ Di Àpáta

Nígbà tí ṣáàfù ọkọ̀, irin gbọọrọ tó ń yí táyà, bá kán, ariwo rẹ̀ kì í pẹ́. Ó dà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá sọ òòlù mọ́ irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí Waliyah gbọ́ ọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, pápá kan ní Ẹ̀pẹ́ ló wà, níbi ìdíje àwọn tó ń fi ọkọ̀ jó, èrò sì pọ̀ bí eṣú. Ó ti fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà wọ kọ́nà tó tóbi jù, èéfín táyà ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ará àdúgbò tó mọ̀ ọ́n láti kékeré ti ń pe orúkọ rẹ̀. Àfi gbà. Ẹ́ńjìnnì ń ké ramúramù, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́. Ọkọ̀ fà díẹ̀, ó sì dúró sójú kan níwájú àwọn adájọ́.

Okùn ni wọ́n fi fà á kúrò. Kabir, awakọ̀ ará Ìkòròdú tó gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà, kò bú u o. Ó kàn sọ fún àwọn tó yí i ká pé, "Ẹsẹ̀ obìnrin ni. Ó wúwo jù, wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé e." Kí Waliyah tó dé ilé àwọn òbí rẹ̀ nínú ìlú, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Sọ̀fíyàt, ìyá rẹ̀, tó ń yan ẹja tà, kò gbójú kúrò nídìí ààrò.

"Ó ti tán báyìí, àbí?" ló bi í.

"Kò tíì tán, màámi."

"Ọkọ̀ tó kú sí gbangba, wọ́n sì ti fi ọ́ ṣẹ̀sín dé ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt. Kí ló tún kù?"

Waliyah lóṣòó sídìí ààrò. Ó bá ìyá rẹ̀ yí ẹja tó wà lórí iná, ó sì padà sí Ìkòròdú.

Ẹni tó bá mọ ilé tí Waliyah ti wá, eré yìí kò ní yà á lẹ́nu. Làtífù, bàbá rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ló ń wà, ó ń gbé àwọn oníṣòwò kọjá lórí ọ̀sà. Láti ìgbà tí Waliyah ti lè jókòó gírí ni bàbá ti ń jẹ́ kó di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú. "Má wo imú ọkọ̀," ni bàbá máa ń wí. "Ìdí ló ń yí. Ibi tó o bá ti ìdí sí ló máa sọ ibi tí imú á kọjú sí." Nígbà tó dàgbà, tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú, tó wá rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré tí wọ́n ń pè ní dírífì, ó rí i pé ohun tí òun ti mọ̀ lórí omi ni wọ́n ń ṣe lórí ọ̀dà. Awakọ̀ á fún táyà ẹ̀yìn lágbára títí tí táyà ò fi ní lè di ilẹ̀ mú mọ́, ìdí ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, awakọ̀ á sì máa darí rẹ̀ bí ẹni ń da ẹran.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni Ọláníyọnu, ọmọ Òkèhò, onígbàgbọ́ tó ti ń gbé yàrá háyà ní Ìkòròdú láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí Waliyah gba òmìnira, kò kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì pín iṣẹ́: ẹ́ńjìnnì di ti ọ̀gá, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì di ti Waliyah. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tó fi ń jó náà, ẹnì kan tó ń lọ sókè òkun ló fi í sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú imú tó ti wó. Waliyah ló tún un ṣe, tó kùn ún ní àwọ̀ omi aró.

Ọjọ́ tí wọ́n dé láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, wọ́n sì tú ìdí rẹ̀ palẹ̀. Ṣáàfù ọwọ́ ọ̀tún ti kán sí méjì. Nínú dífù, ìyẹn ilé jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, eyín jíà ti jẹ dànù.

"A lè rí irú ẹ̀ rà," ni Ọláníyọnu wí.

"Ọ̀gá, tá a bá fi irú ẹ̀ sí i, irú ẹ̀ náà ló máa kán. Ẹni tó ṣe é, ó ṣe é fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Kò ṣe é fún ijó."

Ọláníyọnu rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Dífù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Waliyah wá èyí tó ti ara ọkọ̀ ńlá jáde, tí jíà rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó ṣí i, ó fọ epo kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi iná jó àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, kí táyà méjèèjì lè máa yí bí ẹyọ kan, kí agbára má lọ bá táyà tó fúyẹ́ nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba Imọ̀ta lọ, lọ́dọ̀ Mojúbàolú, àgbà kan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin fún àwọn tó ń lo katakata. Ó fi ṣáàfù tó kán hàn án.

"Ṣé kí n ṣe é kó le bí òkúta?" ni Mojúbàolú bi í.

"Rárá, sà. Tó bá le jù, ṣe ló máa já bí bisikíìtì. Mo fẹ́ kó nípọn, kó sì lè lọ́ díẹ̀ kó tó padà sípò."

Mojúbàolú wò ó, ó mi orí. "O mọ ohun tó o wá gbà," ló wí. Ó yan irin tó dáa, ó gbẹ́ ṣáàfù méjì, ó sì fi iná pọ́n wọn bó ṣe yẹ.

Wọ́n lọ dán ọkọ̀ wò ní Ìbẹṣẹ̀, lójú ọ̀nà ẹ́sítéètì kan tí wọn ò tíì kọ́lé sí, tí onílẹ̀ fún wọn láyè. Ọkọ̀ jó. Ó jó débi pé Ọláníyọnu, tí kì í pàtẹ́wọ́ àyàfi ní ṣọ́ọ̀ṣì, pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún padà lọ, Waliyah gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn: gbọ̀n, gbọ̀n, bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọn ò rí nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wà á," ló wí. "Màá sùn sínú bùútù."

"Kí lo wí?"

"Etí mi nìkan ló lè rí i."

Ọláníyọnu wà á jẹ́jẹ́. Waliyah sùn sínú òkùnkùn ibẹ̀, ó fi etí mọ́ irin, ó ń kan orí mọ́ gbogbo ibi, títí ó fi mọ ibi tí ariwo náà ti ń wá gan-an. Nígbà tó jáde, òógùn àti eruku ti sọ ojú rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi ìka tọ́ ọ. Ara ọkọ̀ gan-an ló ti ya, níbi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì de irin tó gbé dífù mọ́ ọn.

Ọláníyọnu jókòó sórí táyà. "A mú dífù le, a mú ṣáàfù le, agbára bá wá ibi tó rọ̀ lọ. Waliyah, ìdíje Ẹ̀pẹ́ mìíràn ti sún mọ́lé. Ṣé ká fi ti ọ̀tẹ̀ yìí sílẹ̀?"

Inú Waliyah bàjẹ́, omi sì dé ojú rẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Ó nu ojú nù.

"Ẹní bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ló wí. "Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ ìlulẹ̀kẹ̀ yẹn wá. Ẹ má bínú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sára irin ni mò ń wí, kì í ṣe ti ìlẹ̀kẹ̀. Orí mi ti dàrú."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó ya, kó má bàa ya síwájú mọ́. Ó jó o pa, ó gé irin pẹlẹbẹ, ó sì jó o mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo rọ́bà tó ti rọ̀, tó ń jẹ́ kí irin tó gbé dífù máa mì, ó yọ wọ́n, ó fi èyí tó le sí i. Nígbà tí wọ́n tún dé Ìbẹṣẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì àti ti táyà nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. Òjò winniwinni ti rọ̀ sí pápá Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, oòrùn sì ti gbẹ ẹ́. Waliyah wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó la ìpele àkọ́kọ́ kọjá, ó la èkejì kọjá, nígbà tó sì di àṣekágbá, òun àti Kabir ló kù. Wọ́n ní kí Kabir ṣáájú, kí Waliyah tẹ̀ lé e bí òjìji, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀.

Kabir mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó sáré wọlé, ó ju ìdí ọkọ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún. Waliyah ju tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sún mọ́ ọn débi pé àwọn èrò rò pé wọ́n máa gbára wọn. Nínú èéfín yẹn, ó ń rí ilẹ̀kùn Kabir bí ẹni na ọwọ́ kó kàn án.

Nígbà tó kan Waliyah láti ṣáájú, kọ́nà ńlá tún dúró dè é, níbi tí ṣáàfù ti kán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ́ tìkọ̀. Ó mọ gbogbo ibi tí ó jó irin sí lábẹ́ ọkọ̀ náà, ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, ó sì fún ẹ́ńjìnnì ní iná pátápátá. Agbára já lu ìdí ọkọ̀ bí ìgbà tí ìjì bá lu ilé. Ìdí ọkọ̀ gbà á mọ́ra. Táyà méjèèjì yí bí ẹyọ kan, ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gba gbogbo kọ́nà náà já láìfò, láìgbọ̀n. Kabir gbìyànjú láti sún mọ́ ọn, àyè wà láàárín wọn títí dé òpin.

Àwọn adájọ́ kò pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ Waliyah sókè. Ọláníyọnu fi aṣọ iṣẹ́ nu ojú, ó ní eruku ni. Làtífù, bàbá Waliyah, tó dúró lẹ́yìn okùn látàárọ̀, ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọmọ òun nìyẹn. Kabir wá bọ Waliyah lọ́wọ́. "Ẹsẹ̀ rẹ dára," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo gbé e mì."

"Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá sí Lásunwọ̀n," ni Waliyah dá a lóhùn. "Mo gbọ́ nǹkan tó ń kan lábẹ́ rẹ̀."

Ẹni tí kò retí ló rí nídìí ọkọ̀ nígbà tó padà. Sọ̀fíyàt dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn tuntun, ó ń wo àwọ̀ omi aró náà.

"Ẹ wá, màámi?"

"Mo wá. Mo rí i." Ìyá fọwọ́ kan òrùlé ọkọ̀ náà. "Gbé mi délé."

Waliyah ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì wà á jẹ́jẹ́ wọ ìgboro. Nítorí jíà tí wọ́n ti jó pọ̀, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yà, táyà ẹ̀yìn á ké kíí lórí ọ̀dà, àwọn èèyàn á yíjú wò wọ́n.

"Kí ló ń ké yẹn?" ni ìyá bi í.

"Dífù ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ má bínú."

Ìyá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì gbé gíláàsì fèrèsé wálẹ̀.

"Má gba ọ̀nà ilé lọ tààrà," ló wí. "Gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt. Ibẹ̀ ni kọ́nà pọ̀ sí."